Aṣọ Iṣẹ́ Ni Wọ́n Ń Yà, Wọn Kì Í Ya Iṣẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àwa Ará Èkó Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń bá àwọn tó ń ṣe fíìmù wá ibi tí wọ́n á ti yà á. Iṣẹ́ mi ni pé kí n mọ ilé tó kọjú sí ọ̀sà, kí n mọ ẹni tá a gbọ́dọ̀ kí kí kámẹ́rà tó wọ àdúgbò, kí n sì mọ iye tó máa gbà kínú rẹ̀ tó dùn. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni mò ń gbé. Níbi àríyá, nínú ọkọ̀, lẹ́yìn ìsìn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ máa ń ṣe àwa báyìí nínú fíìmù?" "Àwa" yẹn lè jẹ́ Hausa, ó lè jẹ́ Ìjẹ̀bú, ó lè jẹ́ babaláwo. Mo wá kó ìdáhùn mi jọ síbí, kí n lè máa ní kí wọ́n lọ kà á, kí n sì ráyè jẹ ìrẹsì mi lálàáfíà.

Ṣé tẹlifíṣọ̀n nìkan lẹ̀ ń bá wí, àbí fíìmù náà wà níbẹ̀?

Méjèèjì. Ta ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nílé tiwa? Kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi máa ń rà bọ̀ láti Ìdúmọ̀tà, orí tẹlifíṣọ̀n kan náà tá a fi ń wo ìròyìn la ti ń wò ó. Èyí táwọn ọmọ ń wò lórí fóònù báyìí, ọmọ ìyá wọn ni.

Ìgbà wo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ àti ẹ̀yà ṣeré?

Ó ti pẹ́. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ibẹ̀ sì ni Moses Ọláìyá, Baba Sàlá, ti gbé aláwàdà wọ yàrá wa. Ní 1968 ni The Village Headmaster, tí Olúṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ìlú kékeré kan tí wọ́n pè ní Ọjà ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀gá ilé ìwé wà níbẹ̀, ọba wà níbẹ̀, àlejò láti ẹ̀yà mìíràn náà wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹnu ìlú rẹ̀ jáde. Inú eré yẹn ni "Amẹ́bọ" tá a fi ń pe olófòófó ti wá. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú eré ni o! Ó wá di orúkọ gbogbo obìnrin tó bá dúró sọ̀rọ̀ níwájú ilé fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé eré lásán ni, ẹ rán an létí Amẹ́bọ.

The New Masquerade dé láti apá ìlà oòrùn, ti Zebrudaya àtàwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ méjèèjì, Giringory àti Clarus. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Ken Saro-Wiwa gbé Basi and Company jáde lórí NTA, Èkó ló sì fi ṣe. Mo fẹ́ràn eré yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìlú tí èèyàn ti ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kó má bàa pẹ́ débi iṣẹ́, òun ni wọ́n fi ṣeré nípa ọkùnrin tí kò ṣiṣẹ́ kankan, tó ń fojoojúmọ́ lálàá mílíọ̀nù. Saro-Wiwa mọ ohun tó ń ṣe, àwọn tó ń wá owó òjijì ló ń fi ṣẹ̀sín. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló gbé ẹ̀sín náà tí wọ́n sì gbàgbé ìdí rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé Hausa ni gbogbo máígàádì?

Orúkọ iṣẹ́ náà gan-an, ti Hausa ni: "mai" ni oní, "gadi" ni ìṣọ́. Ṣáájú wọn, ọdẹ la ní, àwọn ọkùnrin tiwa tó ń fi fèrè àti ìbọn ìbílẹ̀ rìn kiri òru. Nígbà tí ilé olówó wá pọ̀ ní Ìkòyí àti Súrùlérè, àwọn tó wá láti òkè Ọya ló gba ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí fíìmù ń ṣe. Òótọ́ díẹ̀ yẹn náà ló ba nǹkan jẹ́, torí wọ́n dúró sídìí rẹ̀ láti ìgbà náà wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọn kì í yà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tá à ń pè ní Hausa yẹn, Zarma láti orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n, àwọn mìíràn Fúlàní, àwọn mìíràn Kanuri. Ní Lekki lónìí, Ẹ̀gùn láti Àgbádárìgì tàbí Tiv láti Benue lè ṣí géètì fún yín. Nínú fíìmù, kò sí máígàádì tó gbọ́ Yorùbá. Gbólóhùn kan, "wallahi" méjì, a ti bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí mo mọ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ inú ilé tí wọ́n ń ṣọ́ lọ, torí ìyá àwọn ọmọ náà ti ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ.

Ètò tún wà nínú iṣẹ́ náà tó wù mí púpọ̀. Bí òjò bá dé tí ọkùnrin náà fẹ́ lọ dáko nílé, kì í fiṣẹ́ sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ á dé lálẹ́ ọjọ́ kan, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, á máa jẹ́ orúkọ kan náà. Àwọn onílé kan wà tó jẹ́ pé oṣù kejì ni wọ́n tó fura. Níwájú géètì, táńbìlì kékeré wà: sìgá, súùtì, obì, káàdì fóònù. Owó oṣù ni ti ọ̀gá, owó táńbìlì ni ti ilé tó ń kọ́ sọ́nà ìlú rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń wọlé ní aago méjì òru, ó mọ ọkọ̀ tí kì í ṣe ti àdúgbò. Mo ti sọ ọ́ fún òǹkọ̀wé eré mẹ́ta: bí ẹ bá fẹ́ ṣe eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Èkó, máígàádì ni kí ẹ fi ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì lọ fi ẹ̀gbọ́n ìyàwó lọ́yà ṣe é.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ya ìyà, Makoko ni wọ́n ń lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni Makoko rí?

Mo ti mú àlejò lọ síbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn awakọ̀ ojú omi ti mọ orúkọ ọmọ mi. Ohun tí gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń yà ni èéfín. Láti orí Third Mainland Bridge lẹ ti ń rí i, ó bo orí ilé onígi bí ìkùukùu. Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fi dùùrù ìbànújẹ́ sí i lábẹ́. Ṣùgbọ́n ẹja ni wọ́n ń yan! Àwọn obìnrin ló ń dáná yẹn. Ẹja tí ọkọ wọn pa wà níbẹ̀, ẹja yìnyín tí wọ́n rà wá láti ìta wà níbẹ̀, orí àwo irin ni wọ́n ń tò ó sí, ìwọ̀n iná sì ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀: tó bá pọ̀ jù, ẹja á jóná, tó bá kéré, á bàjẹ́ kó tó dé ọjà. Ọjọ́ tí èéfín kò bá sí, ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n fi dùùrù ìbànújẹ́ sí.

Ògù ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwa la ń pè wọ́n ní Ẹ̀gùn, Ìlàjẹ náà sì wà. Èmi ò sọ pé ìyà kò sí o. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba wó ilé púpọ̀ lójú omi yẹn. Ilé ìwé tó léfòó tí Kúnlé Adéyẹmí yà àwòrán rẹ̀, tí wọ́n parí ní 2013, dà wó nínú òjò ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Gbogbo ayé ló mọ àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹnì kan ṣì fi ìwé ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun pé òun fẹ́ ya àwọn ọmọ nínú rẹ̀. Mo ní ó ti wó. Ó ní ṣé mi ò lè wá òmíràn tó jọ ọ́.

Iṣẹ́ kan tó yẹ kí wọ́n jókòó tì ni ti àwọn tó ń wa yanrìn, láti Makoko títí dé apá Ìlàjẹ ní Bàrígà. Ọkọ̀ igi ni wọ́n ń gbé lọ, wọ́n á ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán. Tí wọ́n bá débi tí yanrìn wà, ẹnì kan á di àkàbà tàbí ọ̀pá mú, á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dání, á rì. Kò sí ẹ̀rọ ìmí, kò sí aṣọ ìwẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ wá yanrìn náà nínú òkùnkùn ni, torí ojú kì í ríran nísàlẹ̀ ọ̀sà. Á gòkè, wọ́n á da yanrìn rẹ̀ sínú ọkọ̀, omi á ṣẹ́, á tún rì. Títí ọkọ̀ á fi kún tí etí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Ilé tí ẹ ń gbé ní Èkó, ó ṣeé ṣe kí apá kan rẹ̀ ti gba ọwọ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kọjá. Tẹlifíṣọ̀n fẹ́ràn ìgòkè rẹ̀, nígbà tí omi ń dà lórí rẹ̀ tí oòrùn sì ń tàn. Kò sẹ́ni tó ń ya bó ṣe ń bá onítípà ná owó ní etí omi, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ọjọ́ yẹn dáa.

Ẹ rántí fíìmù BBC ọdún 2010? Ṣé ẹ̀yin náà bínú sí i?

Welcome to Lagos, ìpín mẹ́ta, oṣù kẹrin ọdún 2010. Wọ́n ya àwọn tó ń ṣa nǹkan ní àkìtàn Olúṣòsùn ní Ọ̀jọ́ta, wọ́n ya Makoko, wọ́n ya àwọn tó ń gbé etí òkun Kuramo. Ìjọba àpapọ̀ fẹ̀hónú hàn. Wọlé Ṣóyínká ní ojú ìfojúdi ni wọ́n fi wò wá.

Mo bínú, mo sì gbádùn rẹ̀, ọjọ́ kan náà. Ní Olúṣòsùn, wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì jẹ́ ká rí i pé iṣẹ́ ni: ohun tí wọ́n ń ṣà, bí wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀, ẹni tó ń rà á. Àwa tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n nílé, ìgbà wo la ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún onípàǹtí? Orúkọ fíìmù náà ló dá ìjà sílẹ̀ lójú tèmi. Wákàtí mẹ́ta, kò sí tíṣà kan, kò sí òǹtẹ̀wé Ṣómólú kan, kò sí ìyá oníṣòwò Balógun kan, ẹ wá ní Èkó nìyí. Ká ní "Ẹ Wá Wo Olúṣòsùn" ni wọ́n pè é, bóyá ariwo ò bá má tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ohun kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ Kuramo, ó gbé èèyàn lọ, ìjọba sì wó ilé tó kù. Tí ẹ bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀ nígbà yẹn, fíìmù tá a bú yẹn lẹ máa wò báyìí.

Ẹ̀yọ̀ tí wọ́n lò nínú Gangs of Lagos, ṣé ó burú tó bí wọ́n ṣe pariwo rẹ̀?

Fíìmù Jáde Osiberu ni, ó jáde lórí Prime Video ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Wọ́n fi aṣọ Ẹ̀yọ̀ bo apànìyàn. Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó fárígá, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì gbé ọ̀rọ̀ jáde pé wọ́n tàbùkù àṣà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní eré ni, kí a fi wọ́n sílẹ̀.

Kí ọ̀daràn sá sábẹ́ aṣọ eégún, ìtàn ilẹ̀ wa ti sọ irú rẹ̀ tipẹ́, kì í ṣe ìyẹn ló bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹni tó kọ ọ́ kò lo ohun tí Ẹ̀yọ̀ jẹ́. Lójú àjèjì, Ẹ̀yọ̀ jẹ́ aṣọ funfun, ìbòjú, gbogbo wọn jọra. Lójú ọmọ Èkó, wọn ò jọra rárá. Ẹ̀yọ̀ Adímú ń dé àkẹtẹ̀ dúdú, Lábà pupa, Oníkò yẹ́lò, Ológẹ̀dẹ̀ àwọ̀ ewé, Agẹ̀rẹ̀ elésè àlùkò. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ìga (ààfin olóyè) kọ̀ọ̀kan ní Ẹ̀yọ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ àti àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ìgbà tí Ẹ̀yọ̀ bá fi ọ̀pámbàtà kan ẹ léjìká tó ní "mo yọ̀ fún ẹ, mo yọ̀ fún ara mi," orí rẹ̀ lo máa wò tí o fi máa mọ ilé tó ti jáde. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tó bá fi aṣọ Ẹ̀yọ̀ pànìyàn ní Ìdúmọ̀tà, àkẹtẹ̀ rẹ̀ ló máa tú u fó kí ó tó dé ìkóríta. Olóyè kan ni wọ́n á lọ bi léèrè. Fíìmù tó dùn ju ti wọn lọ wà nínú ìyẹn, wọn ò kàn béèrè ni.

Tí ẹ bá máa ya Ẹ̀yọ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀, kò sí sìgá, kò sí kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà, obìnrin ò gbọ́dọ̀ di ṣùkú dé ibẹ̀. Mo ti já irun òṣèré kan lójijì rí lójú ọ̀nà, a pẹ́ wákàtí méjì.

Ní ti Ìsàlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀: ìwọ̀n ọmọ àdúgbò tó ń jà kéré sí àwọn tó ń jí lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Èrò lọ tajà. Pọ́pó Àgùdà ò sì jìnnà, níbi tí àwọn tó padà wá láti Brazil ti fi iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà sọ ojú ilé Èkó di nǹkan mìíràn. N kò tíì rí eré ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ kan nípa bíríkìlà Àgùdà.

Ẹ̀yin Yorùbá fúnra yín lẹ ń ba babaláwo jẹ́. Irọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ó sì dùn mí ju ti máígàádì lọ, torí ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe é. Aṣọ pupa, agbárí èèyàn, ẹ̀rín tó ń dún bí ààrá, "kí lo bá wá?"

Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n ń dà pọ̀ sínú aṣọ pupa kan yẹn. Babaláwo ló kọ́ Ifá. Oníṣègùn ń tọ́jú àìsàn. Adáhunṣe ní tirẹ̀. Lékulẹ́ja tó jókòó ní Ojúwòyè ní Muṣin, òǹtajà ni: ewé, egbò, orí eku, ó ń tà á fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò, kì í yẹ nǹkan kan wò. Babaláwo ní odù 256 láti kọ́, ẹsẹ tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lóǹkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá. UNESCO ka Ifá mọ́ ìṣúra ọmọ aráyé ní 2005. Àwa ń fi ṣe ẹ̀rù fún ọmọdé lálẹ́ Sátidé.

Nígbà kan, mo bẹ bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ náà pé kó wá bá wa wo yàrá tá a ti ṣètò sílẹ̀. Ó wo agbárí orí ẹní, ó ní, "Kí lèyí ń ṣe níbí? Ṣé itẹ́ òkú ni?" Ó wo bí òṣèré ṣe di ọ̀pẹ̀lẹ̀ mú, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ àlejò. Ó wá ka ìwé eré náà. Ibi tó ti fẹ́ kí a ṣàtúnṣe ni "kí lo bá wá?" yẹn. Ó ní babaláwo kì í béèrè. Ẹni tó wá yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó, yóò fi í lélẹ̀, babaláwo ò ní gbọ́. Ifá ni yóò sọ ohun tó gbé e wá. Mo gbọ́ ìyẹn, gbogbo ara mi bù ṣọ̀ṣọ̀. Ẹ ronú ohun tí òṣèré gidi lè fi ìpalọ́lọ́ yẹn ṣe! Olùdarí eré dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó fún un lówó ọkọ̀. Wọ́n fi "kí lo bá wá?" sílẹ̀ bó ṣe wà. Agbárí náà kò kúrò, wọ́n ní yàrá máa dà bí èyí tó ṣófo.

Agbèrò ńkọ́? Wọn kì í ha ṣe ọ̀daràn ni?

Agbèrò ni ẹni tó ń gba èrò sọ́kọ̀. Iṣẹ́ lọ̀rọ̀ náà ń sọ kó tó di èébú. Fíìmù ń fi ojú pupa àti ìgò hàn wá, wọ́n á sì fi ìjà kún un. Ohun tí wọn kì í fi hàn ni owó: iye tí ọkọ̀ ń san ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń kà á nírọ̀lẹ́, ibi tí àpò náà ń gbà lọ lẹ́yìn tí ọmọkùnrin tó gbà á ti mú ìwọ̀nba tirẹ̀. Ó rọrùn láti ya ìgò. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Láàárín àwa Yorùbá fúnra wa ńkọ́? Ìjẹ̀bú ni mí, ó ti sú mi.

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìjẹ̀bú á ṣahun, ará Ìbàdàn á pariwo, ará Èkó á yájú. Tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló dá a sílẹ̀, ẹnu wa ni, òun kàn ń fi gbohùngbohùn sí i.

Tiyín ṣì dáa sí ti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn oníṣòwò aṣọ wọn láyé àtijọ́ máa ń ta àwìn káàkiri ìlú. Tí ọjọ́ owó bá pé tí ẹni tó jẹ gbèsè kò bá fẹ́ san, Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní òṣó lòun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Bí wọ́n ṣe di Òṣómàáló nìyẹn. Ẹ wò ó: ètò àwìn tó gbé aṣọ dé abúlé tí kò ní ṣọ́ọ̀bù ni, ọgbọ́n ìgbowó tí kò gba ẹ̀ṣẹ́ tàbí ọlọ́pàá ni. Ohun tó kù nínú eré aláwàdà ni ìlóṣòó.

Iṣẹ́ wo ló wù yín kí wọ́n yà?

Iṣẹ́ onísísọ́ọ̀sì méjì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn méjì ló máa ń lu sísọ́ọ̀sì kọjá lójú ọ̀nà wa. Ọ̀kan ni Hausa tó ń gé èékánná, ìkejì ni Obioma, télọ̀ alárìnkiri tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká. Ìyá mi á wà ní ìdí iná lẹ́yìnkùlé, á ní, "Ẹ pe Obioma wá," tàbí "ẹ fi sílẹ̀, onítèékánná ni." Kì í ṣì í. Ti èékánná máa ń dún wẹ́wẹ́, ó yá. Ti Obioma wúwo, ó sì ní ìsinmi láàárín. Obioma jẹ́ orúkọ Igbo, ọkàn rere ló túmọ̀ sí. Aṣọ òkìrìkà ló ń bọ́ ọ: a ra ṣòkòtò tó tóbi ní Yábàá, ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ yí i, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣòkòtò ti bá wa mu. Ìró Èkó nìyẹn. Fíìmù tí wọ́n bá fẹ́ fi Èkó hàn, fèrè ọkọ̀ ni wọ́n ń fi sí i.

Mo tún fẹ́ràn alága ìdúró àti alága ìjókòó níbi ìgbéyàwó. Nínú eré, ariwo àti owó ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n. Alága tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ka ojú ìyá ìyàwó bí ẹni ka ìwé. Ó ti gbọ́ ìjà tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ nílé ọkọ kó tó dún, á sì fi orin pa á.

Àwọn tó ń ta owó tuntun níta gbọ̀ngàn àríyá náà wà. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta náírà tàbí ná an lórí oníjó, ṣùgbọ́n ìnáwó yẹn ni gbogbo fíìmù àríyá ń fi ṣe ẹwà. Ẹni tó ta owó náà? Kò sí nínú àwòrán.

Àtàwọn agbépóò ayé ìgbà ìyá àgbà wa, tó ń kó ìgbẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó lóru. Àwọn ọmọdé máa ń kọrin bú wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n á sì sá. Iṣẹ́ tí ìlú sanwó fún kí ó má bàa rí i ni.

Ta la máa fẹjọ́ sùn tí wọ́n bá bà wá jẹ́?

Fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti rédíò, NBC ni, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ wọn, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1992. Fíìmù títà àti ti sinimá wà lọ́wọ́ àjọ ayẹ̀fíìmù-wò. Ẹ kọ orúkọ ètò, ọjọ́, àti aago tó jáde sínú ìwé yín. "Wọ́n ń bú wa lórí tẹlifíṣọ̀n" kò ṣeé ṣèwádìí.

Àwọn kan fẹ́ wá ya òpópónà wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí la máa bi wọ́n?

Ẹ bi wọ́n pé ta ni ẹ jẹ́ nínú ìtàn náà. Kì í ṣe "kí ni fíìmù náà dá lé," torí wọ́n á ní ìfẹ́ ni. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé tí òpópónà yín wà nínú rẹ̀ hàn yín. Ẹ béèrè bóyá orúkọ àdúgbò máa jáde. Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ wọ inú àwòrán láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ ya yín níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ tí ọjọ́ yẹn máa gbé lọ, yàtọ̀ sí owó tí baálẹ̀ máa gbà. Ẹni tó bá kàn kọjá nínú àwòrán, wákápáàsì là ń pè é, òun náà ní iye tirẹ̀. Ẹ gbowó kí wọ́n tó tan iná. Mo ń sọ̀rọ̀ lòdì sí ara mi.

Àǹtí, ẹ̀yin náà ò wá lẹ́bi?

Mo ní. Lọ́dún kan, a gba ilé kan fún fíìmù, a nílò máígàádì nínú rẹ̀. Máígàádì ilé náà jókòó síbẹ̀: ọmọ Niger, jíǹsì ló wọ̀ pẹ̀lú jẹ́sì bọ́ọ̀lù, etí rẹ̀ ní íyàpíìsì. Mo ní kí a lo òun. Olùdarí eré wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kò jọ máígàádì." Ó rán mi lọ sí Súrùlérè kí n lọ mú òṣèré kan wá, mo sì lọ. Kàfútánì ni wọ́n wọ̀ fún un, wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n fún un ní kẹ́tùlù. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń di tọ́ọ̀ṣì mú kó má bàa wọ onílé lójú. Ọkùnrin oníjẹ́sì yẹn ló kọ́ ọ, ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣí géètì fún ọkọ̀ jẹnẹrétọ̀ wa.

Nígbà tá a ń palẹ̀ mọ́, ó bi mí iye tí wọ́n san fún òṣèré náà. Mo sọ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fi Yorùbá tó dán ju tèmi lọ sọ fún mi pé tí wọ́n bá tún ń wá máígàádì, kí n jọ̀ọ́ má ṣàì pe òun: òun á lọ ra aṣọ náà.